Ìtọ́jú Adìẹ Tí Ojú Rẹ̀ Kò Ríran Tán

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá ilẹ̀ Yorùbá, adìẹ tí wọ́n ń sìn sẹ́yìnkùlé kì í ju mẹ́wàá sí ogún lọ, wọn kì í sì í há wọn mọ́lé láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wá èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ òòjọ́ wọn, tí wọ́n ń fi èékánná tan ilẹ̀, tí wọ́n ń ṣá ikán àti hóró àgbàdo jẹ, tí wọ́n á sì padà wá wọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Ojú ni olórí ohun tí adìẹ gbọ́kàn lé nínú irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn fi gbà pé adìẹ tí ojú rẹ̀ kan bá fọ́, tàbí tí méjèèjì bá ń ṣú bọ̀, ti di ẹran ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìpinnu yẹn máa ń yá jù. Púpọ̀ nínú ohun tó ń ba ojú adìẹ jẹ́ ló ní ìtọ́jú bí wọ́n bá tètè kíyè sí i, adìẹ tí ojú rẹ̀ kan ti lọ pátápátá pàápàá sì lè jẹun, kó yé, kó sì pẹ́ láyé, bí ẹni tó ni ín bá wádìí ohun tó ba ojú náà jẹ́, tó mọ èwo nínú méjèèjì ló lọ, tó sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan inú àgbàlá máa wà ní ipò kan náà lójoojúmọ́, kí etí àti ìrántí adìẹ náà lè gba iṣẹ́ ojú ṣe.

Bí ojú adìẹ ṣe rí ló yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, kò sí níwájú bíi ti ènìyàn tàbí ti òwìwí, èyí ló sì jẹ́ kí adìẹ lè rí nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́fà àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn orí rẹ̀ gan-an nìkan ni kì í hàn sí i. Ibi tí ojú méjèèjì ti jọ ń rí ohun kan náà kéré púpọ̀, kò ju iwájú àgógó lọ. Nítorí náà, bí ojú kan bá lọ, èkejì kò lè bá a wo ìhà tó ṣókùnkùn. Ẹni tó bá gba ìhà yẹn wá yóò dà bí ẹni tó jáde láti inú ilẹ̀ lójú adìẹ náà, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bó bá fò sókè, tó ké, tó sì sá kọlu ògiri. Ní ti àwọ̀, ojú adìẹ mú ju ti ènìyàn lọ, nítorí pé oríṣi mẹ́ta ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ènìyàn fi ń mọ àwọ̀, ti adìẹ sì jẹ́ mẹ́rin, ìkẹrin yìí sì ń jẹ́ kó rí díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí rárá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú adìẹ kò tó nǹkan mọ́, ohun tó sì fà á nìyẹn tó fi máa ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀ tán, tí ọmọdé fi lè rọra mú u lórí igi lálẹ́ láìsá eré kankan.

Iṣẹ́ ojú ọ̀tún àti ti òsì kò sì dọ́gba, èyí sì jẹ́ ohun tí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú adìẹ olójú kan. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò lábẹ́ ìyá kó tó pa, ní ọjọ́ mélòó kan tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, ọmọ inú ẹyin á ti ká jọ lọ́nà tí ojú òsì rẹ̀ fi fara mọ́ ara rẹ̀, tí ojú ọ̀tún sì kọjú sí èèpo, débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ara èèpo wọlé, ojú ọ̀tún ni yóò bá. Lesley Rogers, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìwà ẹranko ní University of New England ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ yìí ń dá sílẹ̀. Iṣan tó ń gbé ìròyìn ojú ọ̀tún lọ máa ń sọdá sí apá òsì ọpọlọ, ti ojú òsì sì ń sọdá sí apá ọ̀tún, ọ̀nà yìí ni òròmọdìẹ fi wá ń lo ojú ọ̀tún láti ya hóró oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta wẹ́wẹ́, tó sì ń lo ojú òsì láti ṣọ́ ohun àjèjì àti ẹyẹ apẹran lókè. Àwọn òròmọdìẹ tí ẹyin wọn wà nínú òkùnkùn títí wọ́n fi pa kò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó àwọn tí ìmọ́lẹ̀ kan ẹyin wọn. Ó yẹ nígbà náà kí ọlọ́sìn tí ojú ọ̀tún adìẹ rẹ̀ lọ máa fura sí ibi oúnjẹ, kó má máa da àgbàdo sórí ilẹ̀ olókùúta, kí ẹni tí ti òsì adìẹ rẹ̀ lọ sì máa fura sí òkè, nítorí àwòdì. Èyí kò sọ pé ojú tó kù kò lè kọ́ iṣẹ́ èkejì rẹ̀ rárá. Adìẹ tó ti dàgbà máa ń fi orí yíyí dí púpọ̀ nínú àlàfo náà fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá fún un láyè.

Orí yíyí yìí gan-an ni àmì àkọ́kọ́ tó máa ń hàn. Adìẹ tí ojú rẹ̀ kan ń ṣú á máa gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó bá fẹ́ ṣá oúnjẹ, á máa ṣá ilẹ̀ níbi tí hóró kò sí, á máa rìn ní ìlà tó tẹ̀ sí ìhà ojú tó dára, á sì máa pẹ́ kó tó fò sórí igi ìwọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Láti mọ̀ dájú, kí ọlọ́sìn mú adìẹ náà mọ́ra jẹ́ẹ́, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó sì na ìka kan díẹ̀díẹ̀ sí èkejì láìjẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, nítorí pé adìẹ tó fọ́jú pátápátá á ṣẹ́jú bí atẹ́gùn bá kàn án. Òwú dára fún ìdánwò kejì: bí wọ́n bá jẹ́ kí ègé òwú kékeré já bọ́ sílẹ̀ ní ìhà ojú kan, tí adìẹ kò sì tẹ̀lé e, ìhà yẹn ti ṣókùnkùn, nítorí pé òwú kì í dún bó bá ń bọ̀ nílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó fún ìdánilójú, nítorí pé ẹyẹ lè fún ọmọlójú rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá wù ú, èyí tí ènìyàn kò lè ṣe. Àmọ́ tọ́ọ̀ṣì wúlò láti fi wo bí ojú ṣe rí nínú, bóyá ó ti funfun bí ẹfun, bóyá egbò wà lára rẹ̀, tàbí bóyá ọmọlójú kò róbótó mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ojú tó bàjẹ́, ohun tó bà á jẹ́ ló kàn, ibí yìí sì ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú ṣe. Nígbà míì, adìẹ tí wọ́n pè ní afọ́jú kò fọ́jú rárá, ojú rẹ̀ ló kàn pa dé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú àrùn fowlpox, èyí tó jẹ́ irú ìgbóná kan tó ń bá adìẹ jà, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí ẹ̀fọn sì ń gbé kiri láti ara adìẹ kan sí òmíràn. Kókó kéékèèké á so lára ogbe, lẹ́bàá àgógó àti ní ìpéǹpéjú, wọ́n á di èépá dúdú, èépá náà á sì lè pọ̀ débi tí ìpéǹpéjú méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá wọ ọ̀nà ọ̀fun, àrùn yìí máa ń tán fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́rin, èépá á já, ojú á là, adìẹ á sì ríran padà. Ohun tó ń pa púpọ̀ nínú wọn ni ebi àti òùngbẹ láàárín àkókò yẹn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbé omi sún mọ́ wọn. Ohun tó sì ń sọ ojú tí ì bá yá di ojú tó fọ́ ni ọwọ́ ènìyàn tó ń fi èékánná ṣí èépá kí àkókò rẹ̀ tó tó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fi ń gún un la awọ apá kọjá, National Veterinary Research Institute tó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, sì ń ṣe irú abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn kò fura sí ni aáyán. Aran tín-ín-rín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Oxyspirura mansoni, abẹ́ ìpéǹpéjú kẹta ni ilé rẹ̀, ìyẹn awọ pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara tí adìẹ máa ń fà kọjá lójú rẹ̀ bí ẹni fa aṣọ ìkélé. Ẹyin aran yìí á bá omijé ṣàn sí ọ̀fun, adìẹ á gbé e mì, á sì yàgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀; aáyán inú èérí á jẹ ẹ́, aran kékeré á dàgbà nínú aáyán, nígbà tí adìẹ mìíràn bá sì ṣá aáyán náà jẹ, aran á jáde nínú àpò tí adìẹ ń kó oúnjẹ sí lọ́fun, á rá gòkè gba ọ̀nà ẹnu, á sì tọ ihò omijé dé inú ojú. Adìẹ tó bá ní in á máa ṣẹ́jú láìdúró, á máa fi ojú nu ìyẹ́ apá, omijé á máa dà, bí kò bá sì rí ìtọ́jú, ojú lè bàjẹ́ pátápátá. Dókítà ẹran lè yọ aran náà kúrò, kò sì ṣòro fún un. Àmọ́ àtúnṣe tó dúró pẹ́ wà lọ́wọ́ ọlọ́sìn tó bá ń kó èérí àti pákó jíjẹrà kúrò níbi tí aáyán ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ.

Ilé adìẹ fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ọ̀tá ojú. Ìgbẹ́ tó bá ti rin nínú ìyẹ̀fun pákó máa ń tú èéfín amóníà jáde, ìyẹn òórùn tó máa ń ta ènìyàn nímú nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ wọ ilé adìẹ ní òwúrọ̀ ìgbà òjò, èéfín yìí sì ń jó awọ dídán iwájú ẹyinjú títí yóò fi funfun, tí yóò sì di egbò. Òórùn tó bá ta ọlọ́sìn nímú lóòró ti ń jó adìẹ tó sùn sí ilẹ̀ ilé náà láti alẹ́. Oúnjẹ tí kò ní fítámì A náà ń fa ìbàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, tí ohun funfun tó dà bíi wàràkàṣì á máa kó jọ sábẹ́ ìpéǹpéjú. Àgbàdo pupa ní ohun tó ń di fítámì yìí nínú ara adìẹ, àgbàdo funfun kò ní in, ewé tẹ̀tẹ̀ tútù àti epo pupa díẹ̀ tí wọ́n bá pò mọ́ oúnjẹ sì máa ń dí àlàfo náà.

Nígbà tí ojú bá wú, tí imú ń ṣomi, tí ẹnu sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀fìnkìn adìẹ, èyí tí bakitéríà ń fà, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ dókítà ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìẹ tó bá yè é lè máa gbé àrùn náà kiri fún àwọn tó kù. Lùkúlùkú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, náà lè mú ojú wú, kì í sì í pẹ́ kó tó pa ọ̀wọ́ adìẹ tán. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sì lè mú ojú ẹni tó fọwọ́ kan adìẹ náà pọ́n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tí kò tíì fi ọṣẹ fọ̀ nu ojú ara rẹ̀. Bí orí àti ojú adìẹ púpọ̀ bá wú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìtọ́jú inú ilé: àrùn lùkúlùkú tàbí àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2006, lè jẹ́ ohun tó wọlé, àwọn dókítà ẹran ìjọba ló sì yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pè kí wọ́n tó pa ọ̀kankan jẹ.

Èyí tó le jù nínú gbogbo wọn ni àrùn Marek, tí wọ́n fi orúkọ József Marek sọ, dókítà ẹran ará Húńgárì tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1907. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ó sì máa ń jáde pẹ̀lú èéfọ́ ara ìyẹ́ adìẹ, tó ń fò nínú eruku ilé adìẹ. Nígbà tó bá kọlu ojú, awọ rìbìtì tó yí ọmọlójú ká, tó máa ń jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, á di àwọ̀ eérú, ọmọlójú á kéré, etí rẹ̀ á sì di wúruwùru bí ẹni fi eyín gé e. Kò sí oògùn tó lè wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá pa ni wọ́n ń gún un ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ẹyin, ìdí nìyẹn tí adìẹ ìbílẹ̀ tí ìyá rẹ̀ pa sẹ́yìnkùlé kì í fi í ní in. Ọlọ́sìn tó bá rí ojú aláwọ̀ eérú yìí kò gbọ́dọ̀ ta adìẹ náà fún ẹlòmíràn tó fẹ́ sìn ín, kò sì yẹ kó ra òròmọdìẹ tí wọn kò gún lábẹ́rẹ́ kún ọ̀wọ́ rẹ̀.

Fún ojú tó ń ṣomi tàbí tó ti lẹ̀, ohun tó dára jù kí dókítà tó dé ni omi iyọ̀: kí wọ́n se omi, kó tutù kó kù díẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n sì po ṣíbí ìmutíì kan tí iyọ̀ inú rẹ̀ kò ju etí ṣíbí lọ mọ́ ìdajì lítà rẹ̀. Kí wọ́n ri òwú tó mọ́ bọ inú rẹ̀, kí wọ́n gbé e lé ìpéǹpéjú títí tí ohun tó gbẹ á fi rọ̀, kí wọ́n nù ún láti ìhà àgógó síta, kí wọ́n sì ju òwú náà nù kí wọ́n tó mú òmíràn fún ojú kejì. Alẹ́ ló rọrùn jù láti ṣe é, nígbà tí adìẹ ti wọ̀, tí kò sì ní jà. Kẹ́rosíìnì, eérú, ìtọ̀ àti omi ata tí àwọn kan ń fi sí adìẹ lójú kò dára rárá, wọ́n ń jó ojú tó ṣì lè yè. Oògùn ojú ènìyàn náà léwu bí wọn kò bá béèrè, nítorí pé àwọn kan nínú rẹ̀ ní èròjà tó ń mú wíwú ojú lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí egbò ojú jinlẹ̀ sí i. Bí dókítà bá sì fún adìẹ ní oògùn bakitéríà, kí wọ́n béèrè iye ọjọ́ tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹyin àti ẹran rẹ̀, kí wọ́n sì pa á mọ́.

Nígbà tí ìrora bá ti kúrò, tí ojú sì ti lọ tàbí tó ṣú síbẹ̀, iṣẹ́ tó kù wà nínú ètò àgbàlá, èyí sì ni ibi tí àánú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tí àánú adìẹ náà ń ṣe máa ń gbé oúnjẹ lé e lọ káàkiri: lónìí lẹ́nu ọ̀nà, lọ́la lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́túnla nínú ilé ìdáná. Adìẹ kò lè fi irú àánú bẹ́ẹ̀ jẹun. Ohun tó nílò ni kí àwo oúnjẹ àti àwo omi wà lójú kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tó lè fara kàn bó ṣe ń rìn lọ, kí wọ́n má sì yẹ̀ wọ́n kúrò níbẹ̀ láéláé. Àwo amọ̀ tó wúwo dára ju ike lọ, nítorí pé kì í dànù bó bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ, kí etí rẹ̀ sì ga díẹ̀ kó lè fi àgógó tọ́ ọ rí. Tí àwo bá dúdú, tí oúnjẹ sì jẹ́ àwọ̀ àgbàdo pupa, ojú tó kù á tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ẹni tó ń bù oúnjẹ fún un máa fi ìka lu etí àwo bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sì máa fi ohùn kan náà pè é lójoojúmọ́; láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìró yẹn á ti di ọ̀nà fún adìẹ náà, á sì gbọ́ ọ láti òkèèrè wá. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n sì gba ìhà ojú tó ń ríran wá.

Ohun tí kì í ṣe ewu fún adìẹ tó ń ríran lè pa èyí. Kànga tí ìdérí rẹ̀ kò pé, gọ́tà tó jìn, korobá tí wọ́n rẹ gbáàgúdá sí fún fùfú, ààrò tí ẹyin iná rẹ̀ kò tíì kú tán lẹ́yìn tí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n bò tàbí kí wọ́n yí ká. Igi ìwọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, kó má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kó nípọn, kó má sì máa mì. Yorùbá ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Adìẹ tí kò rí ilẹ̀ tó fẹ́ bọ́ sí ni ara rẹ̀ kì í rọ̀ rárá lórí ohun tó ń mì, bó bá sì ṣubú láti òkè, egungun àyà rẹ̀ lè dá. Bí kò bá fẹ́ fò mọ́, kí wọ́n tẹ́ kóríko gbígbẹ sí igun kan fún un. Kí wọ́n sì bá a ṣètò ibi yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tí yóò máa yí, nítorí pé yẹ̀pẹ̀ yíyí ni adìẹ fi ń gbọn iná ara dànù, èyí tí kò ríran dáadáa kì í sì í tètè rí ibi tó dára fúnra rẹ̀.

Àwọn adìẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1921 pé ọ̀wọ́ adìẹ ní ipò àgbà àti ipò àbúrò, tí olúkúlùkù mọ ẹni tó lè sọ ní àgógó àti ẹni tó gbọ́dọ̀ sá fún. Ojú ni adìẹ fi ń mọ ara wọn, ojú ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí àgbà bá ń bọ̀. Adìẹ olójú kan kò rí àgbà tó ń bọ̀ láti ìhà tó ṣókùnkùn, kò tètè yẹra, wọ́n á sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí aláfojúdi, bẹ́ẹ̀ kò rí wọn ni. Bí wọ́n bá sì yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò láàárín wọn, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé adìẹ kì í fẹ́ dá wà, ipò rẹ̀ á sì ti sọnù nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Ohun tó sàn ni kí wọ́n fún un ní ẹnì kejì, àgbébọ̀ jẹ́jẹ́ kan tí kì í jà, kí àwọn méjèèjì máa jẹun lábẹ́ àgò fún wákàtí kan ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ mọ́ àwọn yòókù. Adìẹ tó bá ń ríran á máa dún bó ṣe ń jẹun, èkejì á sì máa tẹ̀lé ìró náà kiri ní gbogbo ọjọ́.

Àkùkọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ wúlò ju ohunkóhun tí ènìyàn lè rà lọ. Ó ní ìró tó fi ń pe àgbébọ̀ sí oúnjẹ, ó sì ní igbe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ewu: ọ̀kan tó fẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, fún àṣá tó wà lókè, tí àwọn adìẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń ba mọ́lẹ̀; èkejì tó le, tó ń já wọnwọn, fún ajá tàbí ológbò tó ń rìn nílẹ̀, tí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n ń nà ró. Àwọn onímọ̀ ti fi ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ nìkan dán an wò, láìsí àṣá, láìsí ajá, àwọn àgbébọ̀ sì ṣe ohun tí igbe kọ̀ọ̀kan bá sọ. Ìyẹn ni pé adìẹ tí ojú òsì rẹ̀ lọ ṣì ní ẹni tó ń bá a ṣọ́ òkè, bí kò bá ti jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tọ́ ọ̀fun rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ìka wo egungun àyà bóyá ó ti ń mú bí etí ọ̀bẹ. Ìyẹ́ máa ń bo ẹran tó ti gbẹ, ojú nìkan kò lè rí i.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dá sí. Adìẹ tí ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, tó ń rù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láìka ìtọ́jú sí, tí kì í yí yẹ̀pẹ̀, tí kì í dún, tó ń sá pamọ́ sí igun kan láti àárọ̀ dalẹ́, ìyà ló ń jẹ, ó sì tọ́ kí wọ́n tètè pa á lọ́nà tí kò ní pẹ́ nínú ìrora. Bó bá jẹ́ pé àrùn Marek tàbí àrùn mìíràn tó ń ràn ló fà á, kí wọ́n sin ín jìn tó ibi tí ajá kò ti lè hú u.

Èyí tó bá ń jẹun, tó ń tan ilẹ̀, tó sì ń dún, á padà bẹ̀rẹ̀ sí í yé, èyí sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé gígùn ojúmọ́ ló ń sọ fún ara adìẹ pé ìgbà yíyé ti tó. Àmọ́ kì í ṣe ojú nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ara ẹyẹ. Ní àwọn ọdún 1930, Jacques Benoit, onímọ̀ ará Faransé, ṣàwárí pé pẹ́pẹ́yẹ tí kò ní ojú mọ́ ṣì ń mọ̀ pé ojúmọ́ ti gùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń gba egungun orí kọjá dé ibì kan nínú ọpọlọ tó ń ṣàkóso ìbímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adìẹ. Ìtẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó wà nílẹ̀, kó má yí padà, kí wọ́n sì fi ẹyin kan sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè fi àgógó tọ́ ọ.

Bó bá sàba, ẹyin tó bá sàba lé lè pa dáadáa. Kódà láti tọ́ ọmọ, etí ni àgbébọ̀ ń lò ju ojú lọ: àwọn onímọ̀ ti so òròmọdìẹ mọ́ ẹ̀yìn pákó níbi tí ìyá rẹ̀ kò ti lè rí i, ìyá sì sá lọ bá a nítorí igbe rẹ̀, nígbà tí wọ́n fi dígí bo òròmọdìẹ mọ́lẹ̀, tí ìyá ń rí i tó ń jà ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ìyá tí ojú rẹ̀ kò pé á gbọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á sì gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣọ́, nítorí pé ó lè tẹ ọmọ tó bá dúró sí ìhà tí kò rí. Kí wọ́n fi òun àti àwọn ọmọ náà sábẹ́ àgò tó fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí omi wọn wà nínú àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí, kí wọ́n má sì gbé ju ẹyin mẹ́fà tàbí méje sábẹ́ rẹ̀, kí ó lè bo gbogbo wọn nígbà tí àwòdì bá kọjá.